Oògùn Koríko tí Ọ̀yà Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi ta kọ́ṣọ́, ó dìrọ̀ mọ́ ìrù Ọ̀yà, aboyún ọlọ́kànjúwà.

Ọ̀yà gbọ́ tí àgbẹ̀ kan ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Mo ti fín oògùn sí koríko." Inú Ọ̀yà dùn. Ó ní, "Koríko ni oúnjẹ mi. Oògùn koríko, oògùn tèmi nìyẹn!"

Ìgbín ní, "Ìyá Ọ̀yà, ẹ má jẹ ẹ́ o."
Ọ̀yà ní, "Ìwọ tó ń fi ikùn rìn, ta ló bi ọ́?"
Ehoro ní, "Koríko yẹn ti ń pọ́n."
Ọ̀yà ní, "Ó gbó ni."
Òkété ní, "Ó ti kú!"
Ọ̀yà ní, "Ó ń sùn ni. Oògùn ti wọ̀ ọ́ lára."

Ó ń jẹ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Oògùn wọnú mi o,
Wọ̀mù-wọ̀mù!
Ọmọ mi á dàgbà o,
Wọ̀mù-wọ̀mù!

Ó bí Àwẹ̀ró. Àwọn ẹgbẹ́ Àwẹ̀ró yọ ọmú, àyà tirẹ̀ tẹ́jú bí pẹpẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bímọ, òun sì ń bá àwọn ọmọ wọn ṣeré. Ẹ̀yìn ń yún Ọ̀yà láti pọn ọmọ-ọmọ, ó bá fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́, ó sáré tọ Òkété lọ.

"Òkété, kí ni mo jẹ tí ọmọ mi kò fi dàgbà?"

 Orin ni Òkété dá: "Oògùn wọnú mi o."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó gbè é: "Wọ̀mù-wọ̀mù!" Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin lẹ jẹun, ṣé èmi ni mo wá yó?"



Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí aboyún bá jẹ, ẹni méjì ló jẹ ẹ́. Bí mo bá purọ́, kí ṣúgà di ewúro lẹ́nu mi.