Géèmù Ìje Òkété, Apá Kejì

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ gbọ́ àlọ́ kan tó ti inú ikùn Òkété jáde. Iyán ọdún iṣu tuntun ni Òkété fẹ́ jẹ. Kì í ṣe àwo kan o, gbogbo odó pátá ni.

Òkété yìí ló ṣe géèmù ìje ọkọ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn ẹranko. Ó dùn débi pé Erin gbàgbé láti mumi fún odidi ọ̀sẹ̀, Ẹfọ̀n sì ń gbé fóònù kọ́ ìwo sùn. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé, "Òkété, ìkejì dà?"

Nígbà tí ọdún iṣu kù sí dẹ̀dẹ̀, Òkété ní ìkejì ti dé.

"Kí gbogbo yín gbé iyán wá síbi eré," ló wí. "Ẹni tó bá gbé fóònù sílẹ̀ kí ìje tó parí kò ní fọwọ́ kan iyán. Èmi ò ní bá yín sáré ní tèmi. Èmi ni n ó máa ṣọ́ iyán."

Ẹ wo olùṣọ́! Géèmù náà kò ní bíréèkì, òjò tó máa ń rọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé kò ní ibi tí ìje parí sí. Òkété mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, pé bí wọ́n bá ń sáré lọ láìdébì kan, òun á ti máa gé òkèlè.

Ọjọ́ pé, wọ́n gbé iyán dé. Ẹfọ̀n yẹ géèmù wò.

"Òkété, bíréèkì dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń tẹ bíréèkì níbi ìje? Ẹni tó fẹ́ gbẹ̀yìn ni."

"Òjò ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni Erin wí. "Ó ti pẹ́ tá a ti ń retí. Bó ṣe wà la ó gbà á."

"Bàbá, ṣé ẹ lè sùn nínú ilé tí kò lórùlé?" ni Ẹfọ̀n bi í.

"Kí ló dé? Ṣé o ò gbọ́ pé òjò kò sí ńbẹ̀ ni?"

Ni Ìyá Awó, ẹni tó se ọbẹ̀, bá dá sí i. "Ẹ má bínú o. Ẹni tó se oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Mo ti tọ́ tèmi wò. Òkété, tọ́ tìrẹ wò."

"Ìyá, mo ti tọ́ ọ wò nílé."

"Ojú ta ló ṣe?"

Kò sí ọ̀nà àbáyọ. Òkété gbé fóònù, ọkọ̀ sì gbéra fìrì! Ó kọjá òkè, ó kọjá odò, ó tún kan òkè mìíràn.

"Ó tó. Ó dára," ni Òkété wí.

"Ṣé ìje ti parí?" ni Erin bi í.

"Ó... ó kù díẹ̀."

"Má gbé e sílẹ̀ o. Òfin tìrẹ ni."

Wọ́n ṣí odó. Ìtasánsán ọbẹ̀ kọlu imú Òkété.

"Ẹ dúró dè mí!"

"À ń dúró dè ọ́," ni Ẹfọ̀n wí, ọbẹ̀ ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹnu wa nìkan ni kò dúró."

Òkété ń sáré, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń ha ìdí odó, ó figbe ta: "Kò ní òpin! Èmi ni mo yọ ọ́!" Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sì bẹ́ mọ́ odó.

"Áà," ni Erin wí, ó ń lá ìka. "Ó mà ṣe o. O gbé fóònù sílẹ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ààbọ̀ fún ará ìlú, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí wọ́n máa ní kó lò ó ṣáájú. Ní ti Òkété, láti ọjọ́ náà, kíá ló ń kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀.