Ọkọ̀ Kejì ní Èbúté

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe àlọ́. Bí mo bá fi irọ́ kan lé e, kí ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti kékeré gbé mi mì.

Ọkùnrin kan wà, olóyè ni, ó ní ọkọ̀ ojú omi méjì tó ń gbé èrò kọjá ọ̀sà. Pákó ìsàlẹ̀ méjèèjì ti jẹrà, ó sì mọ̀. Ó ní òun yóò tún wọn ṣe tó bá yá. Kò tíì yá tí ọ̀kan fi rì. Wọ́n tẹ́ òkú sílẹ̀ létí omi bí ẹni ń sá ẹja.

Ọkùnrin náà sunkún. Ó fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kó ní òun lòun jẹ̀bi. Olórí ẹbí rẹ̀ dá a dúró.

"Ìwọ yìí? Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọ lọ́rùn, o ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ọba. Ṣé apẹja lo wá fẹ́ fi àyà gbálẹ̀ fún?"

Alága ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ náà dé. "Olóyè, ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé tiwa lẹ̀ ń ṣe. Bí ẹ bá ní ẹ jẹ̀bi, àwa lẹ dá lẹ́bi. Ẹ ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ta ló máa bá Ọlọ́run ṣẹjọ́?"

Olóyè bọ́ síwájú èrò, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n ṣe àmín. Àwọn ìyá tó ń sunkún ọmọ pàápàá ń kí i pé ẹ kú àdánù ọkọ̀.

Nígbà tó wá fẹ́ fa ọkọ̀ kejì gòkè láti tún un ṣe, alága bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé iṣẹ́ Ọlọ́run lẹ fẹ́ tún ṣe ni? Ẹ fi í sílẹ̀ kí ìbò kọjá ná."

Ó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀rù ń ba àwọn èrò, wọn ò fẹ́ wọ ọkọ̀. Ọmọbìnrin olóyè fẹ́ sọdá sílé ọkọ rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan. Ohun tí bàbá sọ níta náà ló sọ nílé. Òun ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì pe àwọn yòókù. Wọ́n tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ò dé àárín ọ̀sà.

Ìwọ tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀mí wọn sí lọ́wọ́, tó o tún ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọ lóhun tí wàá sọ níta, má wojú ẹlòmíì, ìwọ ni mò ń bá wí. Irọ́ tó o bá fi bo àṣìṣe àkọ́kọ́ ni yóò dè ọ́ lọ́wọ́ tí o ò fi ní lè tún èkejì ṣe.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yọ nínú omi náà. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọmọ olóyè ni èyí tó fi pè wọ́n: "Ẹ jàre, ẹ wọlé. Ọkọ̀ bàbá mi ni."

Ẹ jàre, ẹ wọlé. Ọkọ̀ bàbá mi ni.