Ìdí Tí Ọnàbùlé Fi Jókòó Sábẹ́ Igi

Ọmọdé ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu. Bí ọmọ bá ń ṣe ohun tó lè kó o sí wàhálà, a ó mi orí, a ó pa òwe náà, a ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ igi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀? Ṣé ẹ sì mọ̀ pé inú ìbẹ̀rù ni àgbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ wà, kì í ṣe inú ìgbéraga?

Ní Èbúté-Ọ̀mọ̀, ìlú àwọn agbẹ́kọ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, létí odò, ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba òmìnira gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gé igi ọkọ̀ lulẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, àwọn àgbà iṣẹ́ náà yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Kò gbọ́dọ̀ wúkọ́, kò sì gbọ́dọ̀ nàka. Bó bá fi ẹnu tàbí ọwọ́ ran ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ìdánwò ti bàjẹ́ nìyẹn, ọmọ náà yóò sì padà sílé bàbá rẹ̀, kò ní fọwọ́ kan àáké mọ́ láé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó bá fìdí rẹmi.

Ọnàbùlé ló kọ́ Mákindé níṣẹ́. Ọwọ́ Mákindé yá, àáké rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ kúrò lójú ibi tó bá fojú sùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Ọnàbùlé lẹ́rù lára rẹ̀: ìdí igi ni ojú rẹ̀ máa ń gbé.

"Mákindé, orí ni igi fi ń wó, kì í ṣe ìdí."

"Mo ti gbọ́, Baba." Bẹ́ẹ̀, àáké ló ń pọ́n lọ, kò gbójú sókè.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, Mákindé yí igi ọ̀mọ̀ tó fẹ́ gé ká. Ó rí i pé ó tẹ̀ sí apá odò, ó sì yan apá náà. Ó la ẹnu ńlá sí ara igi lápá odò, nítorí ibi tí a bá la ẹnu igi sí ni igi ń dojú kọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa gé ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀, níbi tó fi díẹ̀ ga ju ẹnu lọ. Igi tín-ínrín tó bá kù láàárín ni yóò tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìdè ilẹ̀kùn, tí gbogbo igi yóò fi dùbúlẹ̀. Ó ti ṣán ọ̀nà sí apá òsì, níbi tí yóò sá gbà bí igi bá ń lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àwọn àgbà sì ń mi orí pé ó dára.

"Igi ni o, kì í ṣe ìyàwó!" ni ọmọ iṣẹ́ kan pariwo. "Má rọra fọwọ́ kàn án!"

Ọnàbùlé jókòó sórí àpótí rẹ̀ lókèèrè, ó gbójú sókè. Ìtàkùn kan tó nípọn bí itan ọkùnrin wà láàárín ewé, ó so orí ọ̀mọ̀ náà pọ̀ mọ́ igi arère tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn. Bí igi bá fẹ́ máa lọ sí odò, ìtàkùn yóò fà á lórí. Kò ní lè lọ, kò ní lè padà. Yóò lọ́ lórí kùkùté rẹ̀, yóò sì já lu apá òsì. Apá òsì yìí gan-an ni Mákindé yóò sá gbà.

Ó wo Baba Ṣówùnmí, olórí àwọn agbẹ́kọ̀. Baba Ṣówùnmí kò wo igi. Ẹnu Ọnàbùlé ló ń wò. Bó bá pariwo, iṣẹ́ ọmọ yìí ti parí. Bó bá dákẹ́, ọmọ náà ló máa parí. Mákindé ti ń gé ẹ̀yìn igi bọ̀. Igi dún káú.

Ọnàbùlé dìde. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó rìn lọ sí àárín ọ̀nà tí Mákindé ṣán, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó.

"Baba, ojú ọ̀nà mi lẹ jókòó sí o!"

"Oòrùn ló lé Baba débẹ̀," ni ẹnì kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mákindé náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbé àáké sókè.

Ó gé e. Ó tún gé e. Ilẹ̀ ni Ọnàbùlé tẹjú mọ́, nítorí bó bá wòkè, wọ́n á ní ó fojú júwe. Kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yóò yé ọmọ náà kí ìdúró tó sú igi. Ewé gbígbẹ kan já bọ́ sí i léjìká, ó sì rò pé igi ti ń wó bọ̀.

Àáké kò dún mọ́. Mákindé ti dúró, ó ń wò ó. Ọkùnrin yìí ló máa ń fi pàṣán lé e kúrò nídìí igi tí àáké bá ti kàn. Kí ló wá gbé àpótí wá síbẹ̀ fún?

"Baba, ẹ dìde." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ọnàbùlé kò mira. Nígbà náà ni ojú Mákindé kúrò lára àpótí, ó gun ara igi lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé orí. Àáké bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mákindé fi igbà gun arère náà, àdá wà ní ìbàdí rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń gé ìtàkùn, ọ̀mọ̀ tí a ti gé dé ìdajì ń ké nínú afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìtàkùn já. Igi gbọn ara rẹ̀, ó dúró. Mákindé sọ̀ kalẹ̀, ó parí ẹ̀yìn igi, ọ̀mọ̀ sì dojú bolẹ̀ sápá odò, tí ilẹ̀ fi mì tìtì. Ènìyàn méjì ló gbé Ọnàbùlé dìde lórí àpótí.

Ariwo ayọ̀ sọ. Baba Ṣówùnmí gbọ́wọ́ sókè. "Ọnàbùlé, ẹnu rẹ kò là, ìka rẹ kò nà. Ìwọ lo kọ́ ọ. Ṣé ó yege?"

"Kò yege, Baba."

Ọnàbùlé nàka sí Mákindé.

"Èmi ló wò, kò wo igi. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Mákindé ń sunkún, ṣùgbọ́n kò jiyàn.

"Ó dáa," ni Baba Ṣówùnmí wí. "Kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ nìyẹn."

"Kò ní lọ. Ìdí igi ti yé e. Orí igi ló kù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Baba, ọmọdé ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Mo mọ̀ ọ́n lónìí, ẹ sì ní kí n pa ẹnu mọ́. Bó bá wó pa á, ṣé igi la ó ní ó pa á, àbí àgbà tó mọ̀?"

Baba Ṣówùnmí wo ojú ọ̀nà tó wà lápá òsì. "Mú un lọ kọ́."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Mákindé yí igi mìíràn ká, ojú rẹ̀ wà lókè títí ọrùn fi ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ló wá bá ọ̀gá rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

"Baba, ẹ gbé àpótí yín sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀ka kan ti gbẹ lókè yẹn."

Ọnàbùlé wòkè. Òun alára kò tíì rí ẹ̀ka náà. Ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ kúrò, ó sì yíjú sí àwọn àgbà. "Ó yege," ló wí. Àáké kò tíì kan igi.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń sọ pé ọmọdé ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Wọ́n ń pa á fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rí òpin ohun tó dáwọ́ lé. Wọ́n sì ń pa á fún àgbà tó rí òpin náà tó ká ọwọ́ gbera, láti rán an létí pé ẹni tó bá mọ ibi tí igi máa wó sí kò gbọ́dọ̀ jókòó sí òkèèrè.