Àtẹ̀gùn Tí Ìgè Gbẹ́ Sára Òkè

Ọkùnrin kan wà rí ní ìlú tí òkè yí ká. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́ ṣe oore ńlá fún un. Iṣẹ́ òkúta ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, nítorí ó mọ ibi tí òkúta ti í là àti ibi tí kì í là. Ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ nígbà tí wọ́n ń bí i, nítorí náà Ìgè ni wọ́n sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti í sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìyá náà ti darúgbó. Ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti ọ̀dọ́ lọ, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́.

Ẹni tí kò bá gbé ní ẹsẹ̀ òkè rí lè rò pé òkúta lásán ni òkè. Àwọn ará ìlú yìí kò rò bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ìgbà òjò, ìkúukùu a bo gbogbo àfonífojì bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, orí àwọn òkè nìkan ni yóò sì yọ lára rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ràn díẹ̀, ìkúukùu náà a rọra ká kúrò, òrùlé ilé a sì máa hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iyeyè a já bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tó ń kọjá a bẹ̀rẹ̀, a ṣa á, a nù ún mọ́ aṣọ, a jù ú sẹ́nu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn obìnrin a sá èlùbọ́ sórí àpáta, àwọn ọmọ wọn a jókòó lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn a máa yọ̀ láti orí àpáta dé ìsàlẹ̀ títí ìdí ṣòkòtò yóò fi lu. Ní ìrọ̀lẹ́, àpáta náà kì í tètè tutù. Àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn a lọ fi ẹ̀yìn tì í, a di ojú, atẹ́gùn a sì máa fẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ oògùn ẹ̀yìn mìíràn.

Àpáta kan wà lójú ọ̀nà òkè náà, tí kò jìnnà sí ilé tó kẹ́yìn ìlú. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, igi ọdán ṣíji bò ó, omi tútù sì ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń gòkè ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn baba wọn fi lélẹ̀. Bí o bá bá ẹnikẹ́ni ní ìjókòó lórí àpáta náà, o kò gbọdọ̀ kọjá láìjókòó tì í, ìbáà ṣe ìwọ̀nba ìgbà tí o fi máa bu omi mu. Wọ́n ní òkè kì í kánjú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú lórí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí Ìgè ti ń jẹun, ìyá rẹ̀ wí fún un pé:

“Ìgè, mú mi gun òkè.”

Ìgè rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi, orúnkún wo lẹ fẹ́ fi gùn ún?”

“Ṣé tèmi nìkan ni orúnkún tó wà nínú ilé yìí ni? Ẹ̀yìn ni mo fi pọ̀n ọ́ títí o fi le. N kò tíì gbọ́ pé ẹ̀yìn tìrẹ kán.”

Ìyàwó Ìgè, tó ń fọ ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín.

“Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?” ni Ìgè béèrè.

“N kò fẹ́ ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ jókòó ni, kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi lára, kí n rí ibi tí ìkúukùu ń gbà lọ. Orí òkè ni wọ́n bí mi sí kí ìlú tó sọ̀kalẹ̀ wá síbí. Ibi tí agbára rẹ bá mọ ni kí o gbé mi dé. Kí àwa méjèèjì ṣáà jókòó.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìgè lára. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Ó rò ó pé, ìyá tó bí òun pẹ̀lú ìnira báyìí, kò yẹ kí òun pọ̀n ọ́n bí ẹni ru igi ìdáná, kí òun sì gbé e kalẹ̀ sí ìdajì ọ̀nà. Orí òkè pátápátá ni yóò dé, ní ahoro ilé bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò sì fi rìn débẹ̀.

“Ẹ fún mi láyè, Ìyá,” ni ó wí. “Màá gbẹ́ àtẹ̀gùn sára òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé téńté. Àtẹ̀gùn kéékèèké tí kò ní ni orúnkún yín lára. Ẹ ó dé ilé bàbá yín bí ọmọge.”

Ìyá rẹ̀ wò ó. “Ìyẹn pọ̀ jù, ọmọ mi. Ọ̀sán òní ni mo ń wí.”

“Ẹ ṣáà máa wò mí.”

“Mo ti ń wò ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ,” ni ìyá náà wí.

Ìgè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó ti ń ṣe é nìyí: a kó igi gbígbẹ jọ sórí òkúta, a dáná sí i láti òwúrọ̀, a sì dúró tì í títí òkúta yóò fi gbóná dé inú. Nígbà náà ni yóò gbọ́n iná kúrò, tí yóò sì da omi tútù lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta a sán, a là. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi irin àti òòlù gbẹ́ ẹ dọ́gba. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni. Bí òkúta bá tutù kí a tó da omi lé e, igi ti ṣòfò nìyẹn, kò sì ní là mọ́ àfi kí a tún iná dá.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn ìyá ìlú a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tiwọn pé, “Ẹ ò rí Ìgè?” Baálẹ̀ fi iṣu ránṣẹ́ sí i. Kí ìyá rẹ̀ tó jí, ó ti jáde. Bí ó bá padà dé, oorun ti ń kun ìyá náà. Bí ó bá ń kọjá lẹ́bàá àpáta tó tẹ́ pẹrẹsẹ náà, tó sì bá ènìyàn níbẹ̀, a kí wọn lórí ìrìn, a sì gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà kò bá a wí. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó máa lọ, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń ṣe.”

Inú Ìgè dùn ní àkókò yẹn, kò yẹ kí a fi èyí pamọ́. Ó dùn láti máa ṣe làálàá nítorí ẹni tí a fẹ́ràn. Àmọ́ ó tún rọrùn ju kí a jókòó ti ẹni náà lọ. Òkúta kì í wúkọ́. Kì í ní kí a bu omi wá, kì í sì tún ìtàn àná sọ.

Nígbà tí òjò dé, ó fi òòlù sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ oko. Ní ọjọ́ kan ìyá rẹ̀ bi í pé, “Àtẹ̀gùn rẹ ti dé ibo?”

“Ó ti kọjá àpáta ìsinmi, Ìyá.”

“Ó ti kọjá rẹ̀? A jẹ́ pé a lè dé àpáta náà lónìí.”

“Ẹ ní sùúrù. Bí mo bá mú yín dé ìdajì ọ̀nà, ọkàn yín á bàjẹ́ pé ẹ kò dé òkè.”

“Ta ló sọ fún ọ? Ọkàn mi ni àbí ọkàn rẹ?”

Ìgè rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá a léjìká pẹ̀lẹ́, ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé. Ọyẹ́ mú, ojú ọ̀run mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àgbálùmọ̀ sì pọ́n. Ní òwúrọ̀ kan tí Ìgè ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ pe ìyàwó ilé.

“Ìyàwó mi, fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ kí o wá bá mi ṣe ìwà burúkú kan.”

Obìnrin náà ti mọ ohun tí ó fẹ́ kí ó tó sọ ọ́. Ó di ọ̀já mọ́ra, ó mú ẹní, wọ́n sì jáde. Ìyá náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àwọn àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó di ọwọ́ ìyàwó mú. Ó ń fi ọ̀pá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń wí pé, “Ó gbẹ́ ẹ dáadáa. Ọmọ mi mọ iṣẹ́.” Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ìyàwó pọ̀n ọ́n títí wọ́n fi dé àpáta.

Àwọn obìnrin tó ń sá èlùbọ́ dìde kí i. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un síbi tí òjìji wà, ẹnì kan kó àgbálùmọ̀ síwájú rẹ̀. Ó fà á mu, ó ń tu kóró rẹ̀ sọnù. Atẹ́gùn ń fẹ́ etí gèlè rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń yọ̀ lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì nawọ́ sí wọn.

“Ẹ yá mi lọ́kan nínú ẹṣin yín.”

“Ìyá, ẹ ó ṣubú o.”

“Bí mo bá ṣubú, ta ni nínú àgbà ìlú yìí tó máa nà mí?”

Gbogbo àpáta rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ó tẹ́tí sílẹ̀. Ìró òòlù ń bọ̀ láti òkè.

“Ìgè nìyẹn?”

“Àwọn ni, Ìyá.”

“Pè é kó wá jókòó.”

Ìyàwó pè é. Òòlù kò dákẹ́. Ó tún pè, àwọn obìnrin yòókù sì bá a pè. Nígbà náà ni Ìgè wo ìsàlẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí àpáta, ó rí i tí ó na ọwọ́ kan sókè, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì gbá ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, níbi tí ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Ayọ̀ kún inú Ìgè. Ṣùgbọ́n iná ti wà lórí òkúta tó kàn láti òwúrọ̀, omi sì ti wà nílẹ̀. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, òkúta náà yóò tutù.

Ó kígbe pé, “Mò ń bọ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n la èyí ná.”

Ó da omi lé e. Òkúta náà sán, ṣùgbọ́n kò là gún. Ó ní kí òun tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí ó ti ń tún un ṣe, ó rí ibi tí àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé e yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi irin ṣàmì síbẹ̀ kí ó má baà gbàgbé. Nígbà tí ó fi máa dé ìsàlẹ̀, òjìji ti yí sí apá kejì. Àwọn obìnrin ti kó èlùbọ́ wọn. Kò sí ẹnì kan lórí àpáta. Àgbálùmọ̀ kan wà níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ gbá ẹní. Ìgè mú un, ó mu ún bí ó ti ń lọ sílé, ó sì ń wí nínú ara rẹ̀ pé lọ́la àwọn yóò jọ wá.

Ìyá náà ti sùn. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un.

“Ìyá dúró dè yín títí,” ni ó wí. “Òtútù ló lé wa wálé. Wọ́n ní kí n má bá yín jà. Wọ́n ní bí ẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ tí àwọn ti bí yín nìyẹn: ẹsẹ̀ yín ló kọ́kọ́ ń yọ, ojú yín á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn.”

Ìgè kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó sì ti di ọ̀já mọ́ra. Ṣùgbọ́n àyà ń dun ìyá náà, kò lè dìde. Ìgè ní kí wọ́n dúró di ọ̀la. Ó dúró di ọ̀la, ó tún dúró. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ìyá náà papòdà.

Wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Àwọn ará ìlú wí fún Ìgè pé ó ṣe ọmọ, pé ìyá tó bí irú rẹ̀ kò kú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ nínú ara rẹ̀, ó ń gbọ́ ọwọ́ kan tó rọra ń gbá ẹní, ọwọ́ tí kò lè gbọ́ lọ́jọ́ náà nítorí òòlù.

Ó parí àtẹ̀gùn náà, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Lónìí àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá gùn ún, wọ́n ń yìn ín. Ìgè fúnra rẹ̀ kì í kọjá àpáta ìsinmi. Orí rẹ̀ ni ó ń jókòó sí ní òwúrọ̀, ẹni tó bá sì mọ àṣà a jókòó tì í. Ọkùnrin àlejò kan bi í ní ọjọ́ kan pé, “Bàbá, báwo ni òkè ọ̀hún ti rí?”

Ìgè dáhùn pé, “Ó dára gan-an. Mo débẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.”

Ìwọ tí o gbọ́ èyí, gbé ara rẹ yẹ̀ wò. Ìgè kò hùwà ìkà. Bí ó bá jẹ́ ìkà ni ó hù, àkàwé yìí kì bá kàn ọ́. N kò sọ pé kí o má kọ́ ilé fún bàbá rẹ, tàbí kí o má ṣe ohun ńlá tí o ti pinnu láti ṣe fún aya rẹ. Ṣe é bí o bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n rántí pé ìwọ ni o yan ohun ńlá náà. Wọn kò béèrè rẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè kéré, a sì lè ṣe é ní ọ̀sán òní. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń tì ọ́ láti pè é ní oore, ìdí nìyẹn tí o fi sọ ọ́ di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnì kan wà tó fi àyè sílẹ̀ fún ọ báyìí. Jẹ́ kí òkúta náà tutù. Igi kò tán nínú igbó. Dìde, lọ jókòó tì í.