Àpò Èèpo Tí Kò Kún

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n sọ èyí tí ó ń dùn mí. Ọdẹ́tóún ni mí, ọmọbìnrin ọdẹ, ọdẹ sì ni èmi alára. Ìwé mi kò ju kí n kọ orúkọ mi lọ, ṣùgbọ́n mo ń fọwọ́ mọ igi bí abiyamọ ṣe ń fọwọ́ mọ orí ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìbídùnní ọmọ mi ni ó kàwé tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó se èèpo igi, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó yà á sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, títí yóò fi rí ohun kékeré kan tí ojú lásán kò rí, tí ó ń pa ibà.

Èèpo ọ̀ganwó tí mo kọ́kọ́ bó fún un pa ibà nínú ìgò bí iná ṣe ń jó koríko gbígbẹ. Láti ìgbà náà, ọdún méjìlá, gbogbo ọ̀ganwó tí wọ́n bó wá kò pa nǹkan kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní òpùrọ́. Àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní bí ọyẹ́ bá lọ tí kò tún rí ohun kékeré náà, àwọn yóò ti yàrá iṣẹ́ rẹ̀ pa. Ọmọ mi gbẹ bí ẹja orí àrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bi mí bóyá nǹkan mìíràn wà nínú àpò èèpo tí mo kọ́kọ́ gbé fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní ọ̀ganwó ni.

Irọ́ ni. Òjò lé mi lọ́jọ́ tí mo lọ bó èèpo àkọ́kọ́ yẹn wọ Igbó Àìwẹ̀yìn, níbi tí baba mi ti kìlọ̀ pé a kì í bó igi iwin. Àpò mi kò kún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ilé wa, ìtìjú ni kí ìyá gbé àpò àìkún fún ọmọ. Ni mo bá bó igi kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, mo bó o yíká, mo fi kún un.

Nígbà tí ọyẹ́ ku díẹ̀ kó lọ, mo gbé àdá baba mi, mo padà sínú igbó náà láti wá igi yẹn. Mo kọjá láàárín àwọn iwin tí irun wọn jẹ́ ewé, tí ẹsẹ̀ wọn jẹ́ gbòǹgbò, tí ẹ̀rín wọn ń dún bí ẹ̀ka gbígbẹ tí ń ṣẹ́. Olóṣùwọ̀n, olórí wọn, dìde lójú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, òṣùwọ̀n ń mì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹ̀gà nínú afẹ́fẹ́.

Ó ní, “Ìyá arúgbó, àdá rẹ jù ọ́ lọ. Kí ni o kó sínú àpò ọjọ́sí?”

Mo ní, “Ọ̀ganwó ni.” Èèpo igi hù bò mí dé orúnkún. Ó tún bi mí. Mo ní ọ̀ganwó ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Èèpo dé ìbàdí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí mo bá fẹ́ di igi, àyè wà, àwọn ẹyẹ yóò fẹ́ràn mi. Mo rántí ojú Ìbídùnní, mo sì jẹ́wọ́.

“Mo fi igi yín kún un nítorí ìtìjú. Mo sì purọ́ fún ọmọ tí mo bí.”

Èèpo náà já bọ́, àfi díẹ̀ lórúnkún. Ó mú mi dé ìdí igi ọjọ́sí: ó ti kú. Bíbó yíká ni ó pa á. Ẹ̀kúnwọ́ èèpo kan ni ó ṣẹ́kù lára rẹ̀; ó bó o lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, “Kò sí irú rẹ̀ mọ́. Lọ bá ẹni tí o purọ́ fún.”

Mo délé, mo sọ ọ́ fún Ìbídùnní. Ó jókòó, ó ní, “Màmá, ọdún méjìlá ni mo fi ń bẹ igi tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.” Mo la ọwọ́ mi, mo ní kò kún àpò. Ó gba èèpo náà. Ó ní bí òun bá mọ bí ohun kékeré náà ṣe so pọ̀, òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe irú rẹ̀, láìsí igi. “Èyí tó, Màmá. Ọ̀rọ̀ yín ni kò kún láti ọjọ́ yìí wá.”

Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọyẹ́ sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá yóò parí rẹ̀ kí wọ́n tó ti yàrá náà pa. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń fún ènìyàn ní ohun tí yóò gbé ayé rẹ̀ lé lórí, ẹ gbé àpò yín fún un bí ó ti rí. Ìtìjú tí ẹ bá sá fún lónìí, ọmọ yín ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ wo orúnkún mi: èèpo kò tíì tán níbẹ̀.