Àwo Tó Ń Fi Ohùn Dídùn Purọ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ fi etí sílẹ̀. Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ ọmọ ọdẹ, mo ti bá ẹfọ̀n pàdé lójúkojú, ṣùgbọ́n kò sí ẹranko tó bà mí lẹ́rù bí ọjọ́ tí ọmọ mi Àwẹ̀ró dákú. A ki oríkì rẹ̀ títí, kò dáhùn. Ìyá mi bá ní: "Ọdẹ́jìnmí, oríkì tí kò jí ọmọ ti bàjẹ́. Lọ sí Igbó Àwo, níbi tí ìran wa ti ń lọ gba oríkì lọ́dọọdún. Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yìí bọ́!"

Nínú igbó náà, ẹyẹ ò ké, ewé ò mì. Mo rí àwo irin mẹ́rin tí wọ́n ń yí bí òkòtó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ki apá kan oríkì ìran wa. Ìkarùn-ún, tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìí, ń ki gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ọ̀rọ̀ ń wọnú ọ̀rọ̀. Iwin aláìlójú kan ló ń ṣọ́ wọn.

"Ọmọ ènìyàn," ni ó wí, "Ẹlẹ́rìí kò bá àwọn yòókù mu mọ́. Mẹ́rin ni wọ́n, òun nìkan ló dá wà. Ṣé kí n tún un ṣe kó lè bá wọn mu?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í yìnbọn sí ohun tí kò tíì rí dájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí a bá mú ẹlẹ́rìí yí ohùn padà, irọ́ jọba nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èwo wá ni òpùrọ́ nínú wọn?"

Àwo kejì ń han bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó, òun ni mo fura sí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti so àrokò owó ẹyọ mọ́ àwo kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n ki oríkì sínú rẹ̀: ojú owó ẹyọ fún orúkọ obìnrin, ẹ̀yìn rẹ̀ fún ti ọkùnrin. Bí wọ́n ti ń kì, mo ń fi ìka tẹ̀ lé àrokò. Èyí tó ń han kò ṣìṣe rárá. Àwo kẹta, tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ló pe ọkùnrin níbi tí àrokò ti pe obìnrin. Kò fọ́, kò sán; ó kàn ń purọ́ jẹ́ẹ́.

"Ẹ pa á lẹ́nu mọ́," ni mo wí.

Àwọn mẹ́ta tó kù bá Ẹlẹ́rìí kì í. Ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹ́ta náà, mo ń yọ ọ́ kúrò nínú ti Ẹlẹ́rìí, títí ó fi ku apá tó sọnù: *ọmọ Àyìnkẹ́ tó pọn ìlú sẹ́yìn sá fógun*. Ìyá ńlá wa ni a ti ń fi orúkọ ọkùnrin bò mọ́lẹ̀! Iwin ki apá náà padà sínú àwo kẹta. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, ó bá àrokò mu.

Mo sáré délé. "Àwẹ̀ró, ọmọ Àyìnkẹ́!"

Ó lajú. "Bàbá, mo ti ń gbọ́ yín látàárọ̀. Mo rò pé ọmọ ẹlòmíràn lẹ̀ ń pè ni."

Mo sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀yin ará, ìkòkò tó ń jò kì í tan onílé jẹ. Èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ máa yẹ̀ wò. Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá dákú kí ẹ tó mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu yín. Ẹ lọ pe àwọn ọmọ yín báyìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.