Àká tí Àtàndá Dá Mọ

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ yìí a máa rú ọmọdé lójú. Ta ló ní itọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Ìrì tí kò lè ṣẹ́ ewé ilá, báwo ni yóò ṣe wó ilé? Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abà Olókùúta kò ní béèrè.

Ní abà náà, ilé àti àká tí àwọn baba ńlá mọ ṣì wà lórí ìdúró, nítorí ẹnìkan kì í dá amọ̀ pò níbẹ̀. Gbogbo abà ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ pupa, tí wọn yóò pọn omi sí i, tí wọn yóò fẹsẹ̀ pò ó, tí wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó mumi. Ẹni tó ni ilé ni yóò bọ́ wọn. Níbi irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀, nílé Ọ̀jẹ́dìran, ẹ̀gbọ́n Àtàndá, ni wọ́n ti jẹ iyán tán kí Àtàndá tó fọ amọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ọdún méje kọjá, iyán tí kò jẹ náà kò tíì dà nínú rẹ̀.

Nígbà tí àká tirẹ̀ wó, tí àgbàdo irúgbìn rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni, òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀ sí í mọ òmíràn. Bí irúgbìn yẹn bá bàjẹ́, kò sí ohun tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà odò gba iwájú ilé Ọ̀jẹ́dìran, nítorí náà ó ń yí gba ẹ̀yìn igbó, kèrègbè omi kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, ìbàdí ń ro ó.

Àsúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, gbé ìkòkò omi dé.

“Ọ̀nà wo lo gbà?”

“Odò kan náà ló wà, Bàbá Ọ̀ṣúnlékè.”

Àtàndá gba ìkòkò náà, ó da omi rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Ó dáa,” ni Àsúnkẹ́ wí. “Ẹ jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá yín mọ ọ́n.”

Bí amọ̀ bá ti gbẹ jù, Àtàndá a tutọ́ sí i, a fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí yóò fi dán. Kò dúró kí ipele kan gbẹ kó tó gbé òmíràn lé e. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀jẹ́dìran dúró lókèèrè. “Àbúrò, amọ̀ yẹn kò tíì mumi.”

“Ẹ lọ bu iyán fún un, ẹ̀gbọ́n.”

Ó fi koríko bo àká náà, ó kó irúgbìn sínú rẹ̀, ó lọ sùn bí òkú. Òjò ti dáwọ́ dúró lásìkò náà, ṣùgbọ́n ìrì ń sẹ̀ gan-an. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, àká ti dùbúlẹ̀. Àgbàdo tí ìrì ti ń wọ̀ láti inú ògiri ti ń hu.

“Ọ̀jẹ́dìran ló tì í!” ni Àtàndá ké.

“Ẹ wá ipasẹ̀ rẹ̀,” ni Àsúnkẹ́ wí.

Àtàndá yí àká náà ká. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Ó tún yí i ká. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó lórí òkìtì amọ̀. Ó mú ègé amọ̀ kan, ó fọ́ wẹ́wẹ́ sí i lọ́wọ́.

“Itọ́ lẹ fi mọ ọ́n,” ni Àsúnkẹ́ wí. “Ìrì ló wó o. Ta ni ká wá bá jà?”

Àtàndá ń gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ké sí ará abà pé kí wọ́n gbé ọkọ́ wá. Nígbà tí wọ́n dé láti bá a tún àká mọ, kò kí wọn, kò sì dá wọn dúró.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, irúgbìn Ọ̀jẹ́dìran ni Àtàndá gbìn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá rí ẹni tó fi ìbínú dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe, wọn a ní: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.